Ilé tí a Kọ́ sórí Òkúta Ìtẹ̀wé: El Lissitzky àti Àwọn Àwòrán Àtẹ̀ Proun

Láàárín ọdún 1919 sí 1923, ọkùnrin kan tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà àti ayàwòrán-ilé, ṣùgbọ́n tí kò tíì rí ilé kankan kọ́, ṣe ọ̀wọ́ àwòrán kan tí ó pè ní Proun, ó sì fi òkúta ìtẹ̀wé tẹ púpọ̀ nínú wọn sórí bébà kí ẹ̀dà wọn lè pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Lazar Markovich Lissitzky ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Júù láti Rọ́ṣíà ni, El Lissitzky sì ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Àwòrán afòyemọ̀ ni gbogbo wọn, èyí ni pé kò sí ènìyàn, ẹranko tàbí igi tí ojú lè dá mọ̀ nínú wọn, bí kò ṣe ìlà, òbírí, onígun mẹ́rin àti àwọn bulọ́ọ̀kù tí ó dàbí ẹni pé wọ́n léfòó nínú òfuurufú. Àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà sábà máa ń tò wọ́n mọ́ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìgbà náà, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ àti ìrísí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo bí a ṣe fà wọ́n, bí a ṣe sọ wọ́n lórúkọ àti bí a ṣe tẹ̀ wọ́n yóò rí i pé ọwọ́ ayàwòrán-ilé ni ó ṣe wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé òkúta ìtẹ̀wé ni ó di ilẹ̀ ìkọ́lé fún un ní àkókò tí ogun ti gba bíríkì, irin àti owó lọ́wọ́ gbogbo Rọ́ṣíà.

Ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1890 ni a bí i ní Pochinok, ìlú kékeré kan ní agbègbè Smolensk, ṣùgbọ́n Vitebsk, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Belarus lónìí, ni ó ti dàgbà. Àwọn Júù pọ̀ ní Vitebsk, nítorí òfin ọba Tsar ti pàṣẹ pé inú àwọn agbègbè kan pàtó ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ ọba náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ máa gbé. Lọ́dọ̀ Yehuda Pen ni ọmọdékùnrin náà ti kọ́ àwòrán yíyà, olùkọ́ kan náà tí ó kọ́ Marc Chagall. Ní ọdún 1909 ó gbìyànjú láti wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti ìjọba ní St Petersburg, wọn kò gbà á, nítorí pé òfin ti fi òǹkà sí iye Júù tí ilé ẹ̀kọ́ gíga lè gbà wọlé. Ó wá kọjá sí Jámánì, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ ti Darmstadt, ó sì kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé níbẹ̀ títí di ọdún 1914. Láàárín àkókò yìí ó dé Paris, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Ítálì, tí ó ń ya àwọn ilé àti àgbàlá tí ó rí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, ó di dandan kí ó padà sílé. Ó bá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ti Riga, tí wọ́n ti kó lọ sí Moscow nítorí ogun, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ẹnjinníà àti ayàwòrán-ilé ní ọdún 1918. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé St Petersburg ṣe é lóore, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà á wọlé níbẹ̀ ni, bóyá ayàwòrán bí àwọn tó kù ni ìbá jẹ́.

Láti mọ ohun tí Darmstadt fi sí i lọ́wọ́, ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀nà méjì tí a lè gbà ya ohun tí ó ní gígùn, ìbú àti gíga sórí bébà pẹlẹbẹ. Ọ̀nà àkọ́kọ́, tí àwọn ará Ítálì ṣètò rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tẹ̀lé bí ojú ṣe ń rí: ohun tí ó jìnnà a kéré, èyí tí ó súnmọ́ a tóbi, àwọn ìlà tí kò lè pàdé láéláé ní ti gidi a sì pàdé ní ojú kan lókèèrè. Ọ̀nà yìí dára láti fi ilé han ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò fún bíríkìlà, nítorí pé ògiri tí a ti sún kì nínú àwòrán kò ṣeé fi rúlà wọ̀n. Ọ̀nà kejì, tí a ń pè ní axonometry, kò ka ojú tí ń wò sí rárá: ìlà tí kò pàdé ní ti gidi kò ní pàdé lórí bébà, ohun tí ó wà lẹ́yìn kò kéré ju èyí tí ó wà níwájú lọ, ènìyàn sì lè wọn gígùn, ìbú àti gíga lórí àwòrán kan ṣoṣo. Àwọn tí ń ya odi ogun ti ń lo irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí William Farish, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, tó gbé ìlànà kan kalẹ̀ létòlétò ní ọdún 1822 fún yíya ẹ̀rọ, láti ìgbà náà ni ó sì ti di irinṣẹ́ ojoojúmọ́ fún àwọn ẹnjinníà àti àwọn ayàwòrán-ilé. Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí àwọn ẹnjinníà kò kà sí, ṣùgbọ́n tí Lissitzky kò gbójú fò: nítorí pé kò sí ibi kan pàtó tí olùwòran dúró sí, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè yí padà lójú ẹni, kí apá tí ó yọ síta di èyí tí ó kì sínú, kí ilẹ̀ di òrùlé. Ní ọdún 1925 ó kọ àròkọ kan ní èdè Jámánì lórí ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí ó ti jiyàn pé ọ̀nà ti àwọn ará Ítálì ti há ayé mọ́ inú àpótí, àti pé àwòrán tuntun gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀.

Kí ó tó dé orí Proun, iṣẹ́ ìwé ni ó kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1916, òun àti Issachar Ber Ryback rìnrìn-àjò lọ sí àwọn ìlú tí ó wà létí odò Dnieper láti ya àwọn àwòrán ara ògiri sínágọ́gù àtijọ́ sílẹ̀, lára wọn ni ti Mogilev tí ó wú u lórí gidigidi. Lẹ́yìn tí ìdìtẹ̀ ọdún 1917 ti fagi lé àwọn òfin tí ó de àwọn Júù, ó ya àwòrán sínú oríṣiríṣi ìwé ọmọdé, títí kan Had Gadya, orin àjọ̀dún Ìrékọjá, tí ẹgbẹ́ Kultur-Lige gbé jáde ní Kiev ní ọdún 1919. Àwòrán inú ìwé yìí kún fún ewúrẹ́, ológbò àti àwọn bàbá onírùngbọ̀n, kò sì jọ Proun lójú rárá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé àtẹ̀ ni wọ́n, àti pé Lissitzky ti mọ òkúta ìtẹ̀wé dunjú kí ó tó gbàgbé ewúrẹ́.

Ní ọdún 1919 kan náà, Chagall, ẹni tí ìjọba tuntun ti fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ ọnà ní Vitebsk, pè é wá sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtẹ̀wé àti yíya àwòrán ilé. Àpapọ̀ iṣẹ́ méjèèjì yìí lábẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo yẹ fún àkíyèsí. Nínú ilé ẹ̀kọ́ náà, yàrá ìtẹ̀wé nìkan ni ó lè mú ohun kan jáde ní ti gidi, nítorí àwòrán ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yà kò lè kúrò lórí tábìlì ní ìlú tí oúnjẹ àti igi ìdáná ti di ọ̀wọ́n.

Ọ̀nà ìtẹ̀wé tí ó wà ní yàrá náà ni èyí tí a fi òkúta ṣe. Alois Senefelder, tí ó ń gbé ní Munich tí ó sì ń wá ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú láti tẹ àwọn eré orí ìtàgé tí ó kọ, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1798. Ìlànà rẹ̀ dúró lórí òtítọ́ kan tí gbogbo ẹni tí ó ti fọ abọ́ ọbẹ̀ rí mọ̀, pé ọ̀rá àti omi kì í gba ara wọn. A ó fi pẹ́ńsù tàbí yíǹkì ọlọ́ràá ya àwòrán sójú òkúta ẹfun tí a ti lọ̀ títí ó fi kúnná. A ó fi oje igi tí a po ásíìdì díẹ̀ mọ́ pa á lójú kí àwòrán náà lè fìdí múlẹ̀. A ó sì fi omi rin òkúta náà. Ibi tí kò sí àwòrán yóò gba omi, ibi tí ọ̀rá wà yóò kọ̀ ọ́. Bí a bá wá yí rólà tí a fi yíǹkì ọlọ́ràá pa kọjá lórí rẹ̀, ibi tí ó tutù yóò kọ yíǹkì, ojú àwòrán nìkan ni yóò gbà á, bébà tí a bá sì tẹ̀ mọ́ ọn nínú ẹ̀rọ yóò gbé àwòrán náà jáde ní ìdàkejì, tí ọ̀tún yóò di òsì. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń fẹ́ òkúta tirẹ̀, bébà kan náà sì gbọ́dọ̀ bá wọn pàdé lẹ́sẹẹsẹ láìyẹ̀ gẹ́rẹ́. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà tẹ àwòrán, òun ni ó súnmọ́ tábìlì ayàwòrán-ilé jùlọ, nítorí kò sí igi tí a ó fi ọ̀bẹ gbẹ́, kò sí irin tí a ó họ. Rúlà, kọ́ńpáàsì àti pẹ́ńsù tí ó fi ń ya pláànù ilé ni yóò gbé sórí òkúta. Ìwà àtẹ̀ náà tún bá ìwà pláànù mu, nítorí pé láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti di iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni pláànù ilé kì í ti í jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo: ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ onílé, òmíràn lọ́wọ́ bíríkìlà, òmíràn lọ́wọ́ ìjọba, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè pé èwo nínú wọn ni ojúlówó.

Lissitzky ni ó fa Kazimir Malevich wá sí Vitebsk ní ìparí ọdún 1919. Malevich ni ó dá Suprematism sílẹ̀, ọ̀nà àwòrán kan tí ó fi han gbogbo ènìyàn ní ìpàtẹ kan ní Petrograd ní oṣù Kejìlá ọdún 1915, tí onígun mẹ́rin dúdú kan lórí funfun jẹ́ olórí rẹ̀. Nígbà tí ó dé, yàrá ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún un: ibẹ̀ ni a ti fi òkúta tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìlànà tuntun nínú iṣẹ́ ọnà ní ọdún 1919, àti ìwé àwòrán Suprematism rẹ̀ tí ó ní àwòrán 34 ní ọdún 1920. Ní oṣù Kejì ọdún 1920 ẹgbẹ́ UNOVIS, tí ó yí Malevich ká, fìdí múlẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń rán onígun mẹ́rin dúdú mọ́ apá ẹ̀wù wọn. Chagall, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ya bá Malevich lọ, kúrò ní ìlú náà ní ọdún yẹn, ó sì ṣòro láti má bá a kẹ́dùn, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ké sí ẹni tí ó lọ pe Malevich wá.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín Malevich àti Lissitzky tí àwọn òǹkọ̀wé kan ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ojú bébà tàbí ojú aṣọ àwòrán ni Malevich ń gbé inú rẹ̀. Onígun mẹ́rin rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní ẹ̀gbẹ́, kò sì ní ẹ̀yìn. Lissitzky mú onígun mẹ́rin kan náà, ó fún un ní ìbú, ó gbé e dúró, ó yí i padà, ó so ó mọ́ àwọn mìíràn, títí tí ó fi di ohun tí ẹnjinníà lè ronú bí a óò ṣe gbé e ró. Ohun tí ó jáde ni ó sọ ní Proun, àgékúrú gbólóhùn Rọ́ṣíà kan tí ó sọ nípa iṣẹ́-àbá tí yóò fi ìdí ohun tuntun múlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ṣàpèjúwe Proun bí ibùdó tí ènìyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àwòrán kí ó tó wọ ọkọ̀ ilé kíkọ́. Ó fi sí i pé Proun kò ní òkè tàbí ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, pé ẹni tí ń wò ó gbọ́dọ̀ máa yí i ká bí ẹni tí ń wo ilé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé ó ya ọ̀kan tí ó gbà kí a gbé e kọ́ ní ọ̀nà mẹ́jọ, a sì lè yí púpọ̀ nínú àwọn àtẹ̀ náà lọ́wọ́ láìsí pé ìdúró wọn bàjẹ́.

Àpò àwòrán Proun àkọ́kọ́, tí ó ní àtẹ̀ 11, jáde ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1921. Orúkọ àwọn Proun ìgbà náà jẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára ju àròkọ kankan lọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni ó fi pè wọ́n, 1A, 1C, 1E, bí ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹnjinníà ń to ìwé pláànù sínú dúróà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni ó sì fún àwọn kan ní orúkọ ohun tí ènìyàn ń kọ́: 1A ni Afárá, 1C ni Ilé lórí Ilẹ̀ Ayé, 1E ni Ìlú. Nínú Ìlú, a ń wo ilẹ̀ láti òkè. Onígun mẹ́rin dúdú ńlá kan, tí ẹnikẹ́ni tí ó wà ní Vitebsk nígbà náà mọ ọwọ́ tí ó ti wá, wà láàárín, àwọn bulọ́ọ̀kù kéékèèké sì yí i ká bí ilé ṣe ń yí gbàgede ìlú ká. Ohun tí ó jẹ́ òpin ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Malevich ti di ojú ilẹ̀ tí a lè pín sí púlọ́ọ̀tì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yíǹkì dúdú nìkan tó àwọn àtẹ̀ wọ̀nyí. Ó lo pẹ́ńsù ọlọ́ràá láti fún apá kan ní àwọ̀ eérú oníhóró, ó sì kun apá kejì dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ya ojú kan bulọ́ọ̀kù sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì láìfi òjìji kankan sí i.

Iṣẹ́ òṣèlú náà kò gbẹ́yìn. Póstà rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jùlọ, tí ó ṣe láàárín ọdún 1919 sí 1920 nígbà ogun abẹ́lé láàárín àwọn kọ́múnísìtì àti àwọn ọ̀tá wọn tí a ń pè ní Funfun, fi onígun mẹ́ta pupa kan tí ó ṣóńṣó gún òbírí funfun, àwọn ọ̀rọ̀ ìpè sí ogun sì fọ́n káàkiri rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rí nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti mú kí wọ́n máa wá ìròyìn ogun nínú gbogbo onígun mẹ́ta tí ó yà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Póstà náà ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, ó sọ ọ́ tán. Proun kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè sọ tán, nítorí àbá ilé ni.

Ní ìparí ọdún 1921 Lissitzky dé Berlin, níbi tí ó ti di alárinà láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà Rọ́ṣíà àti ti Yúróòpù. Òun àti Ilya Ehrenburg gbé ìwé ìròyìn kan jáde ní èdè mẹ́ta ní ọdún 1922. Ó ya ẹ̀yìn ìwé àkójọ fún ìpàtẹ ńlá àkọ́kọ́ ti iṣẹ́ ọnà Rọ́ṣíà ní ilé ìpàtẹ van Diemen ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ó sì tẹ ìwé ọmọdé tí ó ní onígun mẹ́rin méjì, pupa àti dúdú, gẹ́gẹ́ bí àwọn akọni inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hannover ni ìtàn àtẹ̀ rẹ̀ ti dé góńgó. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀, Kestner-Gesellschaft, tí àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ ọnà dá sílẹ̀ ní ọdún 1916, tí owó ọmọ ẹgbẹ́ sì ń gbé ró. Ẹgbẹ́ yìí pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1923, wọ́n sì ní kí ó ṣe àpò àtẹ̀ kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, èyí tí ó di àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ àpò àtẹ̀ ti Kestner.

Ọdún náà le fún ẹni tí ó ní owó Jámánì lọ́wọ́. Máàkì ń jábọ́ lójoojúmọ́ títí tí dọ́là Amẹ́ríkà kan fi ju tírílíọ̀nù 4 máàkì lọ ní oṣù Kọkànlá, àwọn tí ó ní owó díẹ̀ sì ń wá ohun tí kò ní di yẹpẹrẹ láàárín òru. Àtẹ̀ tí a fi òǹkà sí, tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọwọ́ lù, jẹ́ irú ohun bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a ronú pé yóò tàn káàkiri bí pláànù ṣe di ohun ìkópamọ́ fún ènìyàn díẹ̀: ẹ̀dà 50 péré ni a tẹ̀, ní ilé ìtẹ̀wé Leunis àti Chapman ní Hannover. Ìtakora ni, kò sì sí àní-àní pé Lissitzky rí i, àmọ́ láti ọwọ́ àwọn olówó yẹn ni owó òkúta àti bébà ti jáde.

Àtẹ̀ mẹ́fà ni ó wà nínú àpò náà, ó sì lẹ bébà gígé mọ́ méjì nínú wọn. Ẹni tí ó bá fi wọ́n wé àwọn ti Vitebsk yóò rí bí ọwọ́ rẹ̀ ti yí padà. Eérú oníhóró ti pẹ́ńsù ti lọ. Eérú tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí a kò rí ipa ọwọ́ kankan lára rẹ̀, ni ó rọ́pò rẹ̀, àwọn ìlà sì tín-ín-rín bí ìlà pláànù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ òwò ojoojúmọ́ ni wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì hàn lára rẹ̀: àwọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ láìsí pé ọ̀kan gun èkejì. Kò sí ohun tí ó fi hàn nínú wọn bóyá ohun tí a ń wò tó àpótí ìṣáná tàbí ó tó ìgbèríko kan. Lójú ayàwòrán, àìní òṣùwọ̀n yìí jẹ́ òmìnira. Ojú ayàwòrán-ilé ni ó lè rí i pé ewu ni pẹ̀lú, nítorí ilé tí kò ní òṣùwọ̀n kò ṣeé kọ́.

Ọ̀kan nínú àtẹ̀ mẹ́fà náà dáhùn ìṣòro yìí. Ní ọdún 1923 kan náà, wọ́n fún Lissitzky ní yàrá kékeré kan nínú ìpàtẹ ńlá iṣẹ́ ọnà ti Berlin. Kàkà kí ó gbé àwòrán kọ́ sí ara ògiri, ó so pákó, ọ̀pá àti àwọn onígun mẹ́rin mọ́ ògiri àti àjà títí tí yàrá náà fúnra rẹ̀ fi di Proun tí ènìyàn ń wọ inú rẹ̀, tí iṣẹ́ ara ògiri kan sì ń darí olùwòran lọ bá èkejì. Nínú àtẹ̀ Kestner, ó tú yàrá yìí ká bí páálí tí a tẹ́, ó ya àwọn ògiri rẹ̀ pẹ̀lú axonometry, olúkúlùkù sì wà ní ipò tí ó fi bá èkejì tan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Proun orí bébà ní ibi kan tí a lè wọn. Wọ́n tú yàrá náà palẹ̀ lẹ́yìn ìpàtẹ. Ní ọdún 1971, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Van Abbe ní Eindhoven, ní ilẹ̀ Netherlands, tún un kọ́.

Leunis àti Chapman tún tẹ àpò kejì fún un ní ọdún yẹn, àtẹ̀ mẹ́wàá ní ẹ̀dà 75, tí ó dá lórí Ìṣẹ́gun lórí Oòrùn, eré olórin tí Kruchenykh àti Matyushin gbé jáde ní ọdún 1913. Ó ní kí a lé àwọn òṣèré kúrò, kí ẹ̀rọ iná mànàmáná máa gbé àwọn ọmọláńgidi ńlá kiri, kí ẹnì kan ṣoṣo máa darí gbogbo rẹ̀ láti ojúkò kan. Àwọ̀ ibẹ̀ dùn ún wò ju ti Kestner lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn ti padà sínú rẹ̀, orí, apá àti ẹsẹ̀, nítorí náà ó bọ́ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí a ń tọ̀ nínú àròkọ yìí.

Ní ọdún 1923 kan náà ni àwọn dókítà rí i pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì lọ gba ìtọ́jú lórí òkè ní Switzerland, níbi tí ó ti ń ya ìpolówó fún ilé iṣẹ́ yíǹkì Pelikan kí ó lè rí owó ìtọ́jú san. Lórí àìsàn yìí ni ó ti ya ilé tí ó gbajúmọ̀ jùlọ nínú gbogbo àbá rẹ̀, Wolkenbügel. Àwọn ilé awòṣífìlà ti Amẹ́ríkà ń lọ sókè. Tirẹ̀ dùbúlẹ̀ sójú òfuurufú. Ilé alájà mẹ́ta kan, tí ó gùn tó mítà 180, ni yóò jókòó lórí òpó mẹ́ta ní gíga mítà 50 lókè títì, ọ̀kan nínú òpó náà yóò sì wọ inú ilẹ̀ lọ bá ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí Moscow kò tíì ní nígbà náà. Mẹ́jọ irú rẹ̀ ni ó pète fún àwọn oríta òpópónà tí ó yí àárín Moscow ká. Ẹni tí ó bá ti rí Ilé lórí Ilẹ̀ Ayé kò ní béèrè ibi tí èrò náà ti wá. Àtẹ̀ ọdún 1920 ni ó ti hu òpó mẹ́ta, tí ó sì gba àdírẹ́sì. A kò kọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ní ọdún 1925 ó padà sí Moscow, ó ń kọ́ni ní ìṣètò inú ilé àti àga ṣíṣe ní VKhUTEMAS, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, lẹ́yìn náà ni ó wá rì sínú ṣíṣètò àwọn ìpàtẹ ìjọba àti ìwé ìròyìn onífọ́tò tí ń polongo ìjọba Stalin káàkiri ayé. Àwọn olólùfẹ́ Proun sábà máa ń sáré kọjá lórí apá yìí, kò sì yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó gbà pé àtẹ̀ lè kọ́ ayé tuntun ni ó gbà láti máa tẹ̀wé fún àwọn tí ó sọ pé àwọn ti kọ́ ọ tán.

Láàárín ọdún 1930 sí 1932, ilé kan ṣoṣo bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe ilé gbígbé tàbí ilé ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé awòṣífìlà tí ó dùbúlẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ni, fún ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ Ogonyok, ní àdúgbò Samotechny ní Moscow. Ilé ìtẹ̀wé ti òǹkà mílíọ̀nù ẹ̀dà kò ní òkúta Senefelder mọ́, ẹ̀rọ ńláńlá ni ó nílò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ẹni tí ó ka ilé náà sí. Ní ọdún 2007 àwọn olùdáàbòbò ilé àtijọ́ kọ̀wé pé kí ìjọba dá a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún ìlú, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008 iná jó o, ó sì ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó yà á ti kú ní Moscow ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1941, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ni ó pa á.

Ìyókù ìtàn àwọn àtẹ̀ náà wà lọ́wọ́ aya rẹ̀, Sophie Küppers, opó olùdarí Kestner-Gesellschaft, tí ó fẹ́ Lissitzky ní ọdún 1927. Kí ó tó kúrò ní Jámánì lọ bá a, ó fi àwọn iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hannover, níbi tí Lissitzky ti ṣètò yàrá kan fún iṣẹ́ afòyemọ̀. Ní ọdún 1937 ìjọba Násì tú yàrá náà ká, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé àwọn iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ pé wọ́n jẹ́ ìbàjẹ́. Ní ọdún 1944 ìjọba Rọ́ṣíà kó òun náà lọ sí Novosibirsk ní Síbéríà nítorí pé ọmọ Jámánì ni. Ibẹ̀ ni ó ti kó lẹ́tà, fọ́tò àti àwòrán ọkọ rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ ní Dresden ní ọdún 1967, láti inú ìwé yìí sì ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti tún rí Proun lẹ́yìn ogun. Kò kúrò ní Novosibirsk títí tí ó fi kú ní ọdún 1978.